Ọkọ̀ Ogun Tó Gbé Àbúrò Mi

Aṣọ oníbàárà kan ni mo ń gé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Moniya nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà òkèèrè ni. Mo rò pé àbúrò mi ni, ẹni tó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù kan, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ẹlòmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fòyà o," ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. "Inú ló ń run àbúrò yín láti ìjẹta. Ó ń bì, kò lè dìde mọ́. A ṣì jìnnà sí èbúté, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Japan kan wà nítòsí tó kó hẹlikọ́pítà sórí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbé e."

Kí n tó béèrè ohunkóhun, ìpè ti já. Mo pè, mo pè, kò wọlé. Mo tún mú àlùmọ́gàjí, ni mo bá gé ọrùn aṣọ aláṣọ kọjá ààlà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gun ọ̀kadà lọ bá ìyá wa lábúlé.

Gaàrí ni wọ́n ń yan. Bí mo ṣe sọ ọ́, wọ́n nàró.

"Ọkọ̀ ogun kẹ̀? Ta ni ọmọ mi bá jà?"

"Wọn ò mú un, Màámi. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ni."

"Láti ìgbà wo ni ọkọ̀ ogun ti ń gbé aláìsàn?"

Mo lọ dúró sórí òkìtì ẹ̀yìnkùlé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára, mo wá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ó gùn gbọọrọ, àwọ̀ eérú, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pápá bọ́ọ̀lù, hẹlikọ́pítà sì tò sórí rẹ̀. Mo kà á pé wọ́n fi ń ṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi, pé wọ́n sì máa ń fi yọ àwọn tí ewu bá bá lójú òkun. Mo fi àwòrán náà han Màámi. Wọ́n wò ó títí.

"Àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà ní ìyá," ni wọ́n wí, wọ́n sì mú tẹ̀sùbáà wọn.

Wọn ò lè jókòó. Bí wọ́n bá ka díẹ̀, wọ́n á dìde lọ wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí bààlúù kan kọjá lókè, tó kọrí sí pápákọ̀ òfurufú Alakia, àwa méjèèjì la sáré jáde. Gaàrí jóná, kò sẹ́ni tó bìkítà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni àbúrò mi tó pè fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi." Ohùn rẹ̀ kéré. "Wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ mi, wọ́n sì fi okùn fà mí sókè sínú hẹlikọ́pítà. Mo dijú, mo ń ka kálímà. Dókítà wọn yẹ̀ mí wò nínú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n wá fi hẹlikọ́pítà gbé mi lọ sọ́sibítù. Àpẹ́ńdíìsì, ẹ̀ka kékeré kan lára ìfun mi tó wú, ni wọ́n gé kúrò. Ọmọ Japan kan di ọwọ́ mi mú títí a fi dé. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Ó ṣáà ń mirí sí mi."

Màámi já fóònù gbà. "Ṣé o ti jẹun?" Ẹkún ni wọ́n ń sun bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Nígbà tó padà wálé, oṣù mẹ́ta ló fi sinmi lọ́dọ̀ wa. Mo rò pé iṣẹ́ òkun ti parí nìyẹn. Ni mo bá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń di báàgì.

"Òkun náà lo tún ń lọ?"

"Iṣẹ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Màámi ṣàdúà fún un. Èmi ò lè ṣe àmín. Mo bá a dé ibùdókọ̀ pẹ̀lú ìbínú, mi ò sì lè padà sílé títí ọkọ̀ rẹ̀ fi kúrò lójú mi.