Ìwé Tí Àmínátù Wá Gbà

Ìwé lásán ni Àmínátù wá bèèrè, kò bèèrè oyè. Ọdún 1969 ni, ọdún kejì tí sójà ìjọba àpapọ̀ gba Pọtakọ́tù. Lásìkò yẹn, àlejò kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò kúrò nílùú láìní páàsì, sójà kì í sì í fúnni ní páàsì àfi tí olórí àwọn ará ìlú ẹni bá buwọ́ lu ìwé, tí òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sì wà lára rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí nígbà ayé Alhaji Bashiru, olórí wa.

Alhaji wá kú. Kí ilẹ̀ tó gbẹ lójú oórì, Mùtíù ọmọ rẹ̀ ti ki òǹtẹ̀ sápò. Ó ní bàbá bàbá òun ló kọ́kọ́ jẹ olórí, bàbá òun tẹ̀ lé e, ó wá ku ta ni? Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, igbákejì Alhaji, ní orúkọ òun ló wà lọ́dọ̀ sójà, ẹgbẹ́ kì í sì í ṣe ogún. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí bí a ó ṣe yan olórí, àfi bí ẹni pé Alhaji kò ní í kú láéláé.

Abọ́ tánganran ni Àmínátù ń tà lọ́jà. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fojú kan ọmọ òun kan ṣoṣo. Mo kọ ìwé, Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì buwọ́ lù ú, Mùtíù kò lu òǹtẹ̀. Mo kọ òmíràn, Mùtíù buwọ́ lù ú, ó tún lu òǹtẹ̀, sójà ní àwọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n lé obìnrin náà padà. Ní ìpàdé Sunday kẹta, àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ gbà wá títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.

Àmínátù dìde. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ìyá mi ò lè dúró de ìpàdé.”

Mùtíù ní, “Na my papa stamp. Ta ni kí n gbé e fún?”

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mọ́kànlá la jókòó síbẹ̀, orí sì wọ́. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo tẹjú mọ́ àkọsílẹ̀ ìpàdé tí mò ń kọ, mo jẹ̀bi tèmi náà.

Boma, ará Okrika, ìlú tó wà nítòsí wa, tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmínátù lọ́jà, ló fà á lọ́wọ́ wọkọ̀ ojú omi lọ bá olórí agbo ilé tiwọn. Boma sọ fún baba náà pé arábìnrin òun ni. Baba náà buwọ́ lu ìwé lójú ẹsẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ tiwọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, páàsì jáde. Nígbà tí Àmínátù fi máa délé, ìyá rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ilẹ̀.

Nígbà tó padà dé, wọ́n ti ṣèpàdé lé e lórí. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ní ó dójú ti Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ fi ará ẹ̀yà mìíràn ṣe bàbá. Mùtíù ní òótọ́ ni. Wọ́n ní kí n kọ ìwé tí a fi yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, èmi aláìnítìjú sì kọ ọ́, mo mú un lọ bá a nísọ̀ rẹ̀.

Ó gbà á, ó wò ó dáadáa. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ti buwọ́ lù ú, Mùtíù sì ti lu òǹtẹ̀.

Ó ní, “Akọ̀wé, èyí pé. Sójà ì bá gbà á.”