Málọmọ́, Àbíkú Inú Kíṣìnì Wa

Mo rántí òwúrọ̀ kan tí èémí ń jáde lẹ́nu wa bí èéfín nínú ilé ara wa, tí àwọn irin amúlémóoru tó wà lára ògiri tutù bí imú ajá, tí gbogbo wa sì wọ kóòtù jókòó sí pálọ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wa ni. Kò tíì pẹ́ tí a kó kúrò ní gúúsù London wá sí ilé kékeré kan lẹ́bàá pápá ìṣeré Parsloes ní ìlà-oòrùn ìlú náà, mo sì ti fi ẹnu ara mi ṣèlérí fún tẹbí tará, nílé lóko, pé abẹ́ òrùlé tèmi ni ọmọ náà yóò ti gba orúkọ. Bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì se omi tí ilé fi ń móoru, gbọ́ ìlérí náà, ó sì kú.

Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú. Láti ìgbà tí òtútù ti le ló ti ń dákú tó ń jí. Ilẹ̀ á mọ́, a ó bá a ní òkú. Tó bá di ọ̀sán, á jí fúnra rẹ̀. Ọ̀sán yìí gan-an sì ni ọkùnrin tó ń tún un ṣe máa ń ráyè dé. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì, bọ́ílà sì ń kọrin níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi bísíkíìtì bẹ̀. Ọkùnrin náà á wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ìyàwó mi, tó wá láti Abẹ́òkúta láti bá wa wẹ ọmọ, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rú òun lójú rárá. Ó ní, “Àbíkú ni. Ẹ ò rí i bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀? Àbíkú sọ olóògùn dèké. Ẹ yéé bú ọmọ ọlọ́mọ tó ń wá tún un ṣe.”

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe nígbà náà, ó sì dá mi lójú pé kò sí ohun tí a bi léèrè dáadáa tí kò ní jẹ́wọ́. Mo pe ọkùnrin náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè bóyá bọ́ílà ń dún bí ẹni tó ń fi omi ṣan ọ̀fun, mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo ní èmi ni mo ni ìbéèrè: aago mélòó ló ń bọ̀? Ó ní ó di ọ̀sán. Mo ju fóònù sílẹ̀, mo sì padà sídìí bọ́tìnnì pupa tí ìwé ìlò ní kí a máa tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò mi fi bó. Bọ́ílà á mí kanlẹ̀, á ṣan ọ̀fun rẹ̀, á sì tún kú.

Ìyàwó mi wà ní òkè pẹ̀lú ọmọ àti hítà kan ṣoṣo tí a ní. Ó ránṣẹ́ sí wa pé ọmọ òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ wá sínú fíríìjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé nítòsí Mayesbrook, ti gbá pálọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń pè wá léraléra láti fi ohùn dídùn béèrè bóyá ilé wa ti gbóná. Bí ilé kò bá gbóná, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó gbé ọmọ lọ. Ìyẹn ni pé ilé àna mi ni àkọ́bí mi yóò ti gba orúkọ, àwọn èèyàn mi ní Nàìjíríà yóò sì gbọ́ kí oúnjẹ tó jinná.

Wòlíì ìjọ wa dé nínú sùtánà funfun. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọ Aládùúrà, ó wọ kíṣìnì láti gbàdúrà fún ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kíṣìnì ń ta á lẹ́sẹ̀ bí iná. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan lé orí èkejì bí àkùkọ. Ìyá ìyàwó mi na ìbọ̀sẹ̀ mi tó nípọn sí i. Wòlíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Bàtà ni Olúwa ní kí Mósè bọ́. Kò dárúkọ ìbọ̀sẹ̀.”

Ó wọ méjì-méjì lórí ara wọn.

Àbúrò ìyàwó mi, tó ti ibi iṣẹ́ òru ní Creekmouth bọ̀ tààrà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń dán yinrin, wo èmi àti bọ́tìnnì, ó mi orí. “Ẹ̀gbọ́n, no be to press o. Ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ létí, kó mọ̀ pé a serious.” Ó ní báyìí ni àwọn ń ṣe fún ẹ̀rọ níbi iṣẹ́. Ó fọ́ ọ létí. Kò sí nǹkan kan.

Nígbà tí a ti gbà pé ó di Mayesbrook, tí mo sì ti lọ tan mọ́tò kí inú rẹ̀ lè móoru de ọmọ, ìyá ìyàwó mi ní ọmọ òun kan kò ní kúrò ní ilé láìrí omi òrùlé. Nílé tiwọn, a ó da omi sórí òrùlé, a ó gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kí ó kán sí i lára. Bó bá sunkún, ó wá dúró nìyẹn. Ìyàwó mi ké láti òkè pé nínú òtútù wo. Wọ́n dúnàádúrà láti orí àtẹ̀gùn, wọ́n sì fẹnu kò sí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ẹ̀kán kan péré, lẹ́yìn náà ọmọ yóò wọ mọ́tò. Wòlíì ní omi ni omi, òun á gbàdúrà sí i.

Ìyàwó mi gbé ọmọ dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó dì í bí ọ̀lẹ̀lẹ̀, imú nìkan ló hàn. Ìyá ìyàwó mi da garawa omi sórí òrùlé kíṣìnì tó rẹlẹ̀. Omi ṣàn wálẹ̀, ó ń ru èéfín, ó bá ara ògiri lọ, ó sì wẹ páìpù funfun kan tí mo ti máa ń rò pé ti òjò ni. Ẹ̀kán kan bọ́ sí imú ọmọ. Ọmọ ké tòò. Inú ìyá ìyàwó mi dùn débi pé ó da ìyókù omi sí ara ògiri náà. Wòlíì ń pariwo “Jí, jí!” nínú kíṣìnì, àbúrò ìyàwó mi tún fọ́ ọ létí, èmi náà sáré wọlé, mo tẹ bọ́tìnnì.

Bọ́ílà dún gbì. Iná tàn, ó ń hó yéè.

Kí ilé tó gbóná, mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ẹlẹ́rìí. Wòlíì ní òun ti rí iná náà nínú ẹ̀mí kó tó tàn. Àbúrò ìyàwó mi ní, “Ìgbátí ni, Ẹ̀gbọ́n, ẹ yéé wá a kiri.” Ìyàwó mi ní ohùn ọmọ òun ló dẹ́rù bà á. Èmi sì ń na àtàǹpàkò mi sókè bí ẹ̀rí. Ìyá ìyàwó mi nìkan ni kò jiyàn. Lẹ́yìn tí Wòlíì sọ ọmọ lórúkọ tán nínú pálọ̀ wa, ìyá náà ti ìka bọ oyin ìsọmọlórúkọ, ó fi pa iwájú bọ́ílà náà, ó ní, “Ìwọ náà, Málọmọ́ lorúkọ rẹ.”

Ọkùnrin tó ń tún bọ́ílà ṣe dé ní ọ̀sán. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń lẹ̀ mọ́ bọ́ílà. Lẹ́yìn náà ló fi páìpù funfun hàn mí: ibẹ̀ ni omi ìdọ̀tí bọ́ílà ń gbà jáde, bó bá di yìnyín ní òru, ọ̀fun bọ́ílà á dí, á sì kọ̀ láti tan iná. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni oògùn rẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń gbìyànjú láti sọ fún mi láàárọ̀ nìyẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi. Ó ní, “Kí ló wá ń wá níbí nígbà náà? Ẹ fún un ní ìrẹsì.”

Ọmọ ọjọ́ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí, ó sì ń bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé èmi ni àlejò. Ìyá rẹ̀ àgbà ti padà sí Abẹ́òkúta tipẹ́. Bó bá pè wá, á béèrè mi, á béèrè ìyàwó mi, á béèrè ọmọ, kó tó wá rẹ̀ ohùn sílẹ̀ pé, “Málọmọ́ ńkọ́?” Ní ọdún tó kọjá, Málọmọ́ lọ, kò sì bọ̀ mọ́; wọ́n gbé tuntun wá, funfun báláú, tí kò mọ oyin. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, mo ní, “Ó wà dáadáa, mà. Ó ń kí yín.” Ó ṣe mí láàánú díẹ̀. Gbogbo olóògùn ni Málọmọ́ ti sọ dèké tán, ó wá kan èmi.