Iná Búlúù Ara Ampilifáyà

Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ní Ẹ̀gbẹ́dá tan ampilifáyà méjì kí n gbọ́ wọn wò. Bí eruku inú wọn ṣe gbóná tó ń rùn, ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìkọ̀tún ni ọkàn mi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo ṣì kéré, Alhaji oníbàárà wa fẹ́ ra ẹ̀rọ orin sílé. Ṣé èyí tí gbogbo nǹkan wà nínú àpótí kan ni, àbí alápòótí méjì, tí ọ̀kan ń tún ohùn ṣe, tí èkejì ń fún un lágbára?

"Etí yín ni mo gbọ́kàn lé o, Ẹnjiníà."

Ẹnu Alhaji ni bàbá mi ń wò. Ó tan ẹ̀rọ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ọwọ́ lé ojú sípíkà bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Ó wá bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Èwo ló dùn jù?"

Inú mi dùn pé èmi ló bi. Mo nawọ́ sí alápòótí kan ṣoṣo, torí iná búlúù ara rẹ̀ wù mí.

"Èyí ni, Alhaji," ni bàbá mi wí. "Mo fi orúkọ mi dúró."

Ìgbà tí a sìnkú bàbá mi tán ni ìyá mi tó sọ fún mi pé etí rẹ̀ ti di tipẹ́.

"Àǹtí, èwo lẹ máa mú?" ni ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ náà ń bi mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aṣọ bo iná wọn ná, kí ẹ tún tàn wọ́n."