Ọwọ́ Tó Ń Dá Ọkọ̀ Dúró

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí obìnrin kan ṣe lè dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró láìní ìbọn, láìní aṣọ ìjọba lọ́rùn, kó lọ bá Ìyá Dúró-ná níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà létí títì márosẹ̀. Á dúró sétí títì, á na apá ọ̀tún síwájú gbọnrangandan, á fi àtẹ́lẹwọ́ han awakọ̀, ojú rẹ̀ á sì le bí ojú ẹni tí wọ́n jí láàárín oorun. Awakọ̀ tó bá lóun ò rí i, irọ́ ló ń pa. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí "dúró ná" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, kódà kó tó dáhùn ìkíni.

Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ ló jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ tí alálùpùpù kan gbá ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú títì yẹn, tó sì sá lọ. Ọmọbìnrin náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Tíńtín nítorí bó ṣe kéré tó nígbà tí wọ́n bí i, ń ti ilé ìwé bọ̀ ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n ó kúrú díẹ̀ ju èkejì lọ, ó sì ń tiro títí dòní. Ìyá àgbà gbọ́ ìró náà láti ìdí ẹ̀rọ, ó rò pé àwọn kan ló ń já pákó lọ́nà. Èyí ló ń dùn ún jù: ó gbọ́, ó sì ń ránṣọ lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ tí Tíńtín padà sílé ìwé, ìyá àgbà mú aṣọ pupa kan tó ṣẹ́ kù lára aṣọ oníbàárà, ó rán an mọ́ igi, ó di àsíá, ó bá ọmọ jáde. Ó ní ọmọ òun nìkan lòun fẹ́ mú kọjá. Ṣùgbọ́n ọmọ alágbàfọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ aládùúgbò wà níbẹ̀, ta ló máa yọ tiẹ̀ sọ́tọ̀ nínú wọn? Bí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbà á sí ṣe di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwé wá fún un ní ẹ̀wù àwọ̀lékè kan tó ń dán yinrin. Ó kọ́kọ́ tú u, ó tún un rán kó bá a lára mu, kó tó gbé e wọ̀. Aránṣọ kì í wọ ìwọ̀kuwọ̀ jáde.

Òfin kan ṣoṣo ló fún àwọn ọmọ. "Ẹ má wo ọkọ̀. Ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí ọwọ́ mi ò bá tíì lọ sókè, ẹsẹ̀ yín ò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà." Àràárọ̀ ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn pé wọ́n ń gbọ́ràn. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ọmọ tó tún fara pa níbẹ̀.

Àfi ọjọ́ tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyá Tíńtín, ní kò sí ibi tó ń lọ.

"Màmá, ẹ sinmi lónìí. Ṣé àwọn ọmọ yẹn ò lójú ni? Wọ́n á kọjá."

Òun náà gbà bẹ́ẹ̀, ó fa aṣọ bora. Oòrùn ti ga dáadáa nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé wọlé, obìnrin gíga kan tí kì í sáré fún ohunkóhun, ṣùgbọ́n tó ń mí hẹlẹ lọ́jọ́ náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kíláàsì ṣófo. Àwọn ọmọ tó wà lápá ibí ò kọjá o."

"Wọn ò kọjá kẹ̀? Ta ló dá wọn dúró?"

"Ẹ̀yin náà ni. Wọ́n ní ọwọ́ yín ò tíì lọ sókè."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n tò sétí títì, báàgì lẹ́yìn wọn. Alágbàfọ̀ ti fẹ́ mú wọn kọjá, wọ́n kọ̀. Títì tiẹ̀ dá nígbà kan débi pé ajá lè na ara rẹ̀ sí àárín rẹ̀ kó sùn, wọn ò mira. Tíńtín, tó mọ̀ dájú pé ìyá àgbà òun wà lórí ibùsùn, ló le jù nínú wọn. Ìyá Dúró-ná ta aṣọ ìbora mọ́ èjìká, ó wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, àwọn ọmọ bá kọjá. Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ tó gbọ́ràn tó báyìí ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó sunkún.

"Kí ló dé, Màmá?" ọmọ rẹ̀ bi í.

"Mo ti ṣe àṣìṣe ńlá. Ọwọ́ mi ni mo kọ́ wọn láti máa wò, mi ò kọ́ wọn láti wo títì. Bí wèrè kan bá gbọ́wọ́ sókè lọ́la ńkọ́? Bí mo bá kú ńkọ́?"

"Ẹ ò ní í kú."

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ rẹ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi ti gba ojú lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí."

Àsìkò yẹn gan-an ni àbá òfin kan wà níwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Àbá náà ní kí wọ́n gbé iná tó ń dá ọkọ̀ dúró sí iwájú gbogbo ilé ìwé tó wà létí títì ńlá, kí wọ́n sì ṣe gegele síbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ máa sáré àsápajúdé. Kò sẹ́ni tó ta ko òfin. Owó tí wọ́n máa fi ṣe é ni ìjà wà lórí rẹ̀, òfin tí kò sì lówó nídìí, ilẹ̀kùn tí kò nílé ni. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣúná fẹ́ sún owó náà síwájú, wọ́n wá pe aráàlú kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa bá wa sọ ọ́," ni ọ̀gá ilé ìwé wí.

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó jókòó sórí àga tó ń yí?"

Ṣùgbọ́n ó lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù gbọ̀ngàn náà ń fẹ́ débi pé ó rò pé ibà òun ti padà dé. Ó ti ń wá ẹni burúkú tó máa bá jà níbẹ̀, kò rí. Alága ìgbìmọ̀ ìṣúná, bàbá kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, ló dìde.

"Kò sẹ́ni tó kórìíra ọmọdé nínú wa," ni alága wí. "Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń fún aláìsàn ní afẹ́fẹ́. Oúnjẹ ẹnì kan ló wà nílẹ̀, ẹni méjì ni ebi ń pa. Ẹ jẹ́ kí iná yìí di ọdún tó ń bọ̀."

Ariwo sọ. Àwọn òbí ń pariwo, àwọn tó wá láti ilé ìwòsàn ń pariwo, àwọn aṣòfin ń bá ara wọn jiyàn. Ọdún tó ń bọ̀ jìnnà fún apá tó ti ń ro Ìyá Dúró-ná. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nawọ́. Ó bá dìde, ó nawọ́ bí ọwọ́ ṣe mọ́ ọn lára: apá ọ̀tún síwájú gbọnrangandan, àtẹ́lẹwọ́ sí wọn lójú.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ọkùnrin tó ń gbé omi kiri dúró lórí ìrìn. Alága pàápàá gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Ẹ má bínú," ni Ìyá Dúró-ná wí, ìtìjú mú un, ó sì fa ọwọ́ wálẹ̀. "Ọwọ́ iṣẹ́ ni."

Ẹ̀rín ta. Nígbà tó rọlẹ̀, ó rí i pé wọ́n ṣì ń wo òun.

"Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ̀yin àgbààgbà, mo gbọ́wọ́ sókè, ẹ dákẹ́. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé. Bí àwọn ọmọ mi ṣe ń ṣe náà nìyẹn." Ó sọ ti ọjọ́ ibà fún wọn, kò fi nǹkan kan pamọ́. "Wọ́n ń yìn mí ládùúgbò. Ẹ má bá wọn yìn mí. Ẹ̀mí ọmọ rẹpẹtẹ so mọ́ apá arúgbó kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi kì í ṣe òfin, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣòfin. Ilé ìwòsàn yẹn ló to ẹsẹ̀ ọmọ mi, mi ò lè ní kẹ́ ẹ má fún wọn. Bí ẹ ṣe máa pín owó, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni, kí ọdún tó ń bọ̀ má bá ọmọ kankan nílẹ̀ lójú títì."

Alága yíjú sí i. "Màmá, bí iná bá wá dé, kí ni ẹ̀yin á máa ṣe?"

Ìyá Dúró-ná ti ń sá fún ìbéèrè yẹn láti ilé. "Màá lọ máa ránṣọ mi," ó wí, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. Ọ̀gá ilé ìwé di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Obìnrin kan nínú àwọn aṣòfin, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, ló wá sọ èyí tó kù. "Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń wá afẹ́fẹ́ fún yìí, ojú títì ni wọ́n ti gbé wọn wá. Ẹ jẹ́ ká bu owó náà sí méjì."

Wọ́n bu ú lóòótọ́. Òfin kọjá, ilé ìwòsàn gba díẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó bèèrè, àwọn ilé ìwé tí ọmọ ti fara pa níwájú wọn ni iná máa kọ́kọ́ dé, gegele sì di ọdún tó ń bọ̀. Kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn tán. Bí owó ìlú ṣe máa ń rí nìyẹn, ṣùgbọ́n Ìyá Dúró-ná jó nínú yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́, títí ìgbáròkó fi dá a lẹ́kun.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́. "Wo ọ̀tún. Wo òsì. Kí lo rí?" Àwọn ọmọ á wí pé àwọn rí ọkọ̀ búlúù, àwọn rí kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì tún kọjú sí ọwọ́ rẹ̀.

Àárọ̀ tí iná kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó fi àsíá sílé. Iná pọ́n, ọkọ̀ dúró. Àwọn ọmọ ò mira, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Apá ọ̀tún rẹ̀ ń yún un. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dì wọ́n mú bí ẹni tó di olè mú. Iná yí padà, ọkọ̀ gbéra.

"Màmá, ọwọ́ yín dà?" Tíńtín bi í.

"Ó ti fẹ̀yìn tì. Ìwọ wo iná, kí o sì wo ọkọ̀. Ṣé wọ́n dúró?"

Iná tún pọ́n. Tíńtín wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ kúkúrú síwájú, ó ń tiro lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e, títí gbogbo wọn fi débi géètì ilé ìwé. Ìyá Dúró-ná nìkan ló kù lápá ibí. Ayọ̀ kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan ń ta á láyà: kò sẹ́ni tó ń dúró dè é mọ́.

Tíńtín ò wọlé. Ó yíjú padà, ó dúró de iná. Nígbà tó pọ́n, tí ọkọ̀ sì dúró, ó na apá kékeré rẹ̀ síwájú gbọnrangandan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ han àwọn awakọ̀, ó sì le ojú.

"Màmá! Ó yá, ẹ máa bọ̀!"

Ìyá Dúró-ná bọ́ sójú títì. Omi bò ó lójú, kò rí iná, kò rí ọkọ̀, ọwọ́ kékeré yẹn nìkan ló ń wò títí ó fi débẹ̀. Tíńtín ò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ ò wo títì. Ọwọ́ mi lẹ̀ ń wò."

"Má bínú," ìyá àgbà wí, ó ń nu ojú. "Lọ́la, màá wò ó."