Ẹ Dá Ìwé Pásítọ̀ Ọdẹ́túnjí Padà

Pásítọ̀ Bámilóyè Ọdẹ́túnjí ti kú. Ibà ló pa á lóṣù tó kọjá, ní ìlú kékeré kan lórílẹ̀-èdè Sàró, níbi tó ti wàásù fún ọdún mẹ́tàlélógún. Àwọn ará ibẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, àwọn ló sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn tó fọwọ́ ara rẹ̀ bá wọn mọ. Ìjọ Luteran Odi Ààbò, tó rán an níṣẹ́ láti Ṣómólú níbí, kò rán ẹnì kankan lọ síbi ìsìnkú náà. Wọ́n ní kò sáyè. Ṣùgbọ́n wọ́n ráyè tẹ ìwé ìsìn ìrántí ológójì ojú ewé, oníbébà dídán, tí àwòrán àwọn aṣáájú ìjọ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti olóògbé lọ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Mo mọ̀ nípa ìwé náà nítorí pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó máa kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Bajulaiye, mo sì ń ṣe é dòní. Ọ̀dọ̀ Bámilóyè ni mo ti kọ́ ọ. Kó tó di pásítọ̀, òun ló ń yẹ àṣìṣe wò nílé ìtẹ̀wé wa. Rúlà ni yóò fi sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò máa kà á sókè. Bí àmì kan ṣoṣo bá sọnù, ó lè dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹni tó máa kà á ò sí níbí láti bi ọ́ léèrè," ohun tó máa ń sọ fún mi nìyẹn.

Nígbà tó dé Sàró, ó kọ́ èdè àwọn ará ìlú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ fún wọn: kí ni ìrìbọmi, kí ni ìdáríjì, báwo lèèyàn ṣe ń gbàdúrà nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ ọ́, bírò lọ́wọ́, ojú ewé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó fi ránṣẹ́ sí orílé-iṣẹ́ ìjọ kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́. Ìwé tó kọ́kọ́ fi gbìdánwò kó tó dà á kọ, ikán jẹ ẹ́ tán. Èyí tó wà ní Ṣómólú nìkan ló kù láyé. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí ayẹ̀wéwò yìí ṣe nìyẹn: ó gbà pé nǹkan kì í sọnù lọ́wọ́ ìjọ.

Ọdún mọ́kànlá ni ìwé náà fi wà lọ́dọ̀ wọn. Ta ló ń bá a tọpa rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, Àlhájà Rọ̀kíbátù, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Lọ́dọọdún, ìyá yìí á wé ìbòrí rẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn láti Bariga lọ sí orílé-iṣẹ́ ìjọ. Mo tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan. Akọ̀wé àgbà wọn, Ẹni Ọ̀wọ̀ Raphael Adéníjì, kò tilẹ̀ ní ká jókòó.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mummy. Kọmití ń wò ó."

"Ṣé kọmití tó ń wò ó lẹ́sìí náà ni, Pásítọ̀? Èmi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àbúrò mi ò bẹ̀ yín ní nǹkan míì."

"Process ni, Mummy. Ẹ má worry."

Kọmití wo ló ń fi ọdún mọ́kànlá wo ojú ewé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún? Ṣé wọ́n ń bi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ ni?

Ẹ wá gbọ́ o. Nígbà tí ìsìn ìrántí ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ wá fún mi. Ọ̀rọ̀ ìdágbére akọ̀wé àgbà wà níbẹ̀, ó fọwọ́ kọ ọ́: "Òjíṣẹ́ tí kálàmù rẹ̀ kò sinmi. Ìjọ kò ní gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láéláé." Ẹ̀yìn bébà àlòkù ni àwọn oníbàárà sábà máa ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, nítorí náà n kò fura. Mo kàn yí i padà láti wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́yìn ni. Mo rí ìkọ̀wé kan tó tò gbọọrọ, ní èdè tí n kò gbọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà nísàlẹ̀: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo yí èkejì: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Méje ni gbogbo rẹ̀. Mo tò wọ́n tẹ̀ léra: ìkọ̀wé ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n yí dojú bolẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé àwọn kò ní gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀!

Mo kó o lọ fún Àlhájà ní Bariga. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́.

"Ọwọ́ Bámilóyè rèé." Ó yí i padà. "Ta ló wá kọ eléyìí sí i lẹ́yìn?"

Mo sọ fún un. Ó kó méjèèje jọ sórí itan.

"Wọn ò kúkú sọ fún mi pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Ǹ bá ti gbé e wálé."

Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi, n kò sì fẹ́ kó rọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ Bámilóyè pe gbọ̀ngàn tuntun wọn. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ o! Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, láti Fádèyí títí dé Igbóbì, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù orílé-iṣẹ́ yín lójú gbogbo yín. Ẹ bi akọ̀wé àgbà léèrè ẹni tó fa ojú ewé ìwé náà ya, kó sì dáhùn lórí ìdúró, bó ṣe dá àwa náà dúró. Àwọn ará Sàró ṣì ń retí ìwé wọn, ẹ̀rọ mi sì ti ṣetán.

Ojú ewé méje wà nínú àpótí Àlhájà Rọ̀kíbátù, ó fi ìbòrí ìkírun rẹ̀ dì í. Níbo ni mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún yòókù wà?