Dókítà Tí Kò Fọ Abọ́ Rí

Ọmọ náà kò tíì mọ̀wé kọ tí ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní Dókítà. Láti ìgbà náà ni kò ti fọ abọ́, kò gbálẹ̀, kò pọnmi. Ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ dókítà kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń họ ìdí ìkòkò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń họ ọ́.

Bàbá àgbà, tó bí bàbá ọmọ náà, ń gbé inú ilé kan náà, ó ń wò wọ́n. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni tẹ́lẹ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ náà ká kò bí ewé gbígbẹ. Àràárọ̀ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa na àwọn ìka náà fún un, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà gan. Àbúrò Dókítà ló ń nà wọ́n kí ó tó lọ síbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ irun dídì. Á fi epo pa ọwọ́ náà, á máa sọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá ń tọrọ: kí òun fi ọwọ́ méjèèjì dé bọ́tìnnì aṣọ òun kí òun tó kú.

Dókítà parí yunifásítì, ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Wọn kò mú un. Ó tún kọ̀wé, wọn kò tún mú un. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ dára, àmọ́ kí ó lọ bá wọn tọ́jú aláìsàn ná, kí ó lè mọ ohun tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó lọ rán ẹ̀wù funfun fún un.

Dókítà wọ ẹ̀wù náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ya fọ́tò, ó wálé. Ó lọ sí ilé àwọn arúgbó, wọ́n ya fọ́tò. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, òyì kọ́ ọ níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ya fọ́tò kí òyì náà tó dé. Kò síbi tó lọ tó tún padà lọ. Àlejò kì í jókòó tán kí ìyá rẹ̀ tó kó fọ́tò síta.

Lọ́jọ́ kan, ó wọ yàrá bàbá. Ó gbé ọwọ́ tó ká kò náà bí ẹni gbé òkú eku nírù. Àbúrò rẹ̀ ya fọ́tò. Ó gbé ọwọ́ náà kalẹ̀, ó jáde.

Bàbá fi ojú sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti gba irú ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, èyí tí kò tíì fá pátákó tó ti ń kùn ún lọ́dà. Ọ̀dà a máa dán. Ẹni tó bá fọwọ́ ra á ni èérún igi ń gún.

Nígbà tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀kẹta, ilé-ẹ̀kọ́ ní kí ó mú ẹnì kan wá tó ti tọ́jú pẹ́, ẹni tí àwọn lè bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Dókítà da fọ́tò sórí tábìlì. Kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ó tú wọn títí ó fi kan ọwọ́ bàbá.

Ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀ fún, kí bàbá ṣáà sọ pé Dókítà ló ń tọ́jú òun.

“Ta ló ń tọ́jú mi?” bàbá bi í.

“Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Bàbá. Inú ilé kan náà kọ́ ni gbogbo wa wà? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

“Orí ọmọ kọ́ ló wọ́,” bàbá ní. “Ọwọ́ àgbà ni.”

Àbúrò Dókítà bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ wò ó, ẹ̀rín náà gbẹ.

Àárọ̀ ni ìpè náà wọlé, bí ọmọbìnrin náà ti ń na ìka bàbá lọ́wọ́. Ìyá Dókítà ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́. Dókítà lọ wọ ẹ̀wù funfun, bí ẹni pé wọ́n ń rí i láti ọ̀hún. Obìnrin kan kí bàbá dáadáa, ó bi í bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló ń tọ́jú rẹ̀, tó ń bá a na ọwọ́ bó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá Dókítà ń mi orí bí alángbá.

“Ó wá sọ́dọ̀ mi,” bàbá ní.

“Ìgbà wo ló wá kẹ́yìn, Bàbá?”

“Ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò.”

Obìnrin náà tún béèrè pé, “Ta ló wá ń bá yín na ọwọ́?”

“Àbúrò rẹ̀. Ó mú un dání báyìí.”

Wọn kò mú Dókítà. Wọ́n ní kí ó tọ́jú ẹyọ ènìyàn kan fún ọdún kan gbáko, kí ó wá padà. Ìyá rẹ̀ kò kí bàbá mọ́. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, á yí ẹ̀yìn. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó ní ẹni tó bà á jẹ́ náà ni yóò tún un ṣe: bàbá ni ẹyọ ènìyàn náà.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà wọlé tòun ti ẹ̀wù funfun. Bàbá na ọwọ́ òsì sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Póò wà níbẹ̀. Lọ dà á nù ná.”

Dókítà wo póò, ó wo ẹ̀wù rẹ̀. Ó pe àbúrò rẹ̀.

“Mo ti ní kó tètè lọ síbi iṣẹ́,” bàbá ní.

Dókítà tẹ̀ ba, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìka méjì gbé e. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

“Kí lo ń dúró dè?”

“Ta ló máa wá ya fọ́tò, Bàbá?”

Bàbá wò ó títí ó fi jáde. Ó gbọ́ tó da póò nù. Ó gbọ́ tó ṣí omi ẹ̀rọ, tó ń fọ ọwọ́. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, ó ń dúró dè é. Omi náà ń dà, ó ṣì ń dà. Nígbà tó sú bàbá, ó fi ọwọ́ òsì mú ìka tó kéré jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án fúnra rẹ̀.