Fíríìjì Oníkẹrosíìnì ní Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Rédíò ni mò ń fẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ni mò ń kọ́ ní Pólì, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn ni mo sì fọkàn sí pé màá ti lo ọdún ìkọ́ṣẹ́ mi. Wọn ò gbà mí. Ibòmíràn náà ò gbà mí. Níkẹyìn, ìyá mi bá nọ́ọ̀sì àgbà kan sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, ẹni tó ń ṣe àkóso ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá. Ìyá Nọ́ọ̀sì là ń pè wọ́n. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, pé nǹkan tó nílò àtúnṣe pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo palẹ̀ ẹrù mọ́, mo lọ.

Mo gbìyànjú o. Mo tún rédíò Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣe, mo kan àga tó ń mì, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ọmọ á sì tọ̀ sí mi lára. Ohun kan tí mi ò mọ ìdí rẹ̀ ni fíríìjì tí wọ́n ń kó oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Kò sí iná mànàmáná lábúlé náà. Kẹrosíìnì ni fíríìjì ọ̀hún ń mu; fìtílà kékeré kan á máa jó nídìí rẹ̀, inú rẹ̀ á sì tutù nini. Bí fìtílà ṣe ń sọ nǹkan di tútù, ẹ má bi mí, rédíò ni mo mọ̀.

Lọ́sẹ̀ kan tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, fìtílà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹni tó lè tú rédíò, fíríìjì ò lè ṣòro fún un. Ṣe nǹkan sí i, ọmọ mi, ọ̀la lọjọ́ abẹ́rẹ́."

Nǹkan wo? Ebi kẹrosíìnì ló ń pa á. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ sí Ẹgbẹ́dá, wọ́n ní kò sí. Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Aláàkíà, èrò tò lọ rẹrẹẹrẹ nílé epo, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó kàn mí, wọ́n ní ó ti tán. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni mo gbé padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fìtílà ti kú. Ìyá Nọ́ọ̀sì ṣí fíríìjì, yìnyín inú rẹ̀ ti di omi, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n fọwọ́ kan àwọn ìgò oògùn náà, wọ́n ní ó ti bàjẹ́, a ò lè fún ọmọ kankan mọ́.

Níta, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti dé láti oko. Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọ orin tí wọ́n máa ń kọ kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ sọ fún wọn, pé ìtìjú ò jẹ́ kí àwọn lè jáde. Bí wọ́n ṣe rí mi, ṣe ni wọ́n gbé orin náà sókè sí i. Ọkùnrin tó bá wọ bàtà jáde látinú ilé ìwòsàn, dókítà ni lójú wọn. Mo ní oògùn ti bàjẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni.

Obìnrin kan tó tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ti ṣí itan ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. "Dókítà, ẹ ṣàánú mi. Ẹ fún un nínú èyí tó bàjẹ́ yẹn náà. Èéyi ló pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

"Ẹ dìde, mà. Èmi kì í ṣe dókítà. Kò lè ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ mọ́ ni."

Ó dìde, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó so ọ̀já pinpin. Ó wá ní, "Tí èéyi bá wá mú un kí oṣù náà tó pé ńkọ́? Kí ni kí n ṣe?"

Kò bínú. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi, torí ó rò pé mo ṣì ń ro ìdáhùn náà lọ́wọ́ ni.